Ta ló rán nọ́ọ̀sì wá sílé ọlọ́mọ tuntun?

Iṣẹ́ health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ọmọ tuntun wò nílé, ni mò ń ṣe ní London. Bí agbẹ̀bí bá ti fi ọlọ́mọ tuntun sílẹ̀, èmi ló kàn tí màá kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Peckham àti Bermondsey mọ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ṣe ń gbà wá: wọ́n á ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ojú wọn á lọ síbi káàdì tó wà lọ́rùn mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba fẹ́ gbọmọ lọ́wọ́ wọn.

Nílé kan ní Bermondsey, ìyá ìyàwó tó wá láti Abẹ́òkúta láti wẹ ọmọ ló gbé e lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́mọ fún mi. "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ? A ò pe nọ́ọ̀sì o."

Mo ní, "Màmá, káńsù ni, ìjọba ìbílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rán irú wa, láti ìgbà ìyá ìyá yín."

Mo jókòó ti wọn, mo ṣàlàyé. Láti 1915 lòfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí dókítà ìlera àdúgbò gbọ́ nípa ọmọ tuntun láàárín wákàtí 36. Ní 1918, òfin mìíràn fún káńsù láṣẹ láti dá ibi ìtọ́jú aboyún àtọmọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa rán nọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé. Ó ní obìnrin inú ìgbìmọ̀ tí káńsù bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ dín ní méjì. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kò fipá mú káńsù láti dá ibi ìtọ́jú náà sílẹ̀, ìyẹn ni àwọn kan fi ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Bermondsey ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Òṣìṣẹ́ èbúté ló pọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́ sì ń bá wọn fínra. Alfred Salter, dókítà, àti Ada ìyàwó rẹ̀ kò sá kúrò láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò yẹn ni scarlet fever, ibà kan tó ń ràn, ti pa Joyce, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní 1910. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ní 1922, Ada di olórí káńsù níbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tó dépò yẹn ní London. Ère wọn wà létí odò Thames: Alfred jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń juwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má dúró.

Òyìnbó àgbàlagbà kan ládùúgbò mi, olóògbé báyìí, rántí sinimá káńsù Bermondsey nígbà tó wà ní kékeré. Ọkọ̀ á dé sí òpópónà nírọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láìlóhùn, ẹnì kan á dúró máa ṣàlàyé. Ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ọmọ ni. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ìyá yọjú lójú fèrèsé.

Ní England àti Wales, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, nǹkan bí 80 ló kú kó tó pé ọdún kan ní 1920. Ní 1939, ó ti sún mọ́ 50. Ti àwọn ìyá ló ń dùn mí: títí dé àárín ọdún 1930 sí 1939, ikú wọn ò dín, ó ń lé ní mẹ́rin nínú 1,000 ìbí. Ibà tí ń mú wọn lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa púpọ̀ wọn. Ní 1936 ni Leonard Colebrook, dókítà kan, fi hàn pé oògùn tuntun kan ń ṣẹ́gun ibà yẹn, ọdún yẹn náà ni òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ rí i pé agbẹ̀bí tó ń gbowó oṣù wà fún gbogbo ìyá.

Màmá wá mi orí wọn. "Ọmọ dókítà yẹn àti ìyàwó rẹ̀ kú, wọ́n wá ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ." Wọ́n tú aṣọ ọmọ fúnra wọn, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó ti sanra sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìgò àgbo tí wọ́n tọ́jú hàn mí. Mo ní ọmú nìkan ni títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Àríyànjiyàn ìyẹn la wà lórí rẹ̀ tí ìyá ọmọ fi jí.