Díìṣì kan, yàrá mẹ́ta: ẹ wá sọ bí ti yín ṣe rí

Ọmọ Kábbà

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé wa ní Kábbà.

Dìkódà àtijọ́ kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́, irú èyí tó ń fi wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò wọ tẹlifíṣàn. Nígbà tí a ra tuntun tó ń lo HDMI sí pálọ̀, a ní kí àtijọ́ bọ́ sí yàrá Màmá, kí wọ́n yé bá àwọn ọmọdé du rímóòtù lálaalẹ́. Ẹni tí a pè kó wá bá wa so ó yọ splitter kékeré kan nínú àpò, ó gé wáyà tó ti orí òrùlé bọ̀, ó pín in sí méjì, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wàhálà ti dé. Bí Màmá bá ti bọ́ sí ìkànnì ìròyìn wọn, àwòrán pálọ̀ á lọ. Bí pálọ̀ bá padà sídìí bọ́ọ̀lù, ti Màmá á dúdú. Gbogbo ilé ní dìkódà àtijọ́ ló ti gbó, ká jù ú nù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí dìkódà yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wáyà tí àwòrán ń gbà wálẹ̀ náà ni dìkódà ń gbà fi iná ránṣẹ́ sókè sí LNB, ìyẹn orí kékeré tó wà níwájú díìṣì, iná yẹn ló sì fi ń béèrè ohun tó ń fẹ́. Bó bá ń wá ìgbì tó dúró lóòró, fólítì 13 ló máa rán. Bó bá jẹ́ èyí tó wà ní ìbú, fólítì 18 ni. Ó tún máa ń fi ìró 22 kHz kún un bí ìkànnì náà bá wà ní apá òkè lára ìgbì sátẹ́láìtì. LNB olójú kan, tó ní ibi ìso wáyà kan ṣoṣo, kò lè jẹ́ ọ̀gá méjì nípè, kí ọ̀kan ní wá, kí èkejì ní lọ. Kò sí bí splitter náà ṣe lè dára tó, kò lè tún ìyẹn ṣe.

LNB olójú mẹ́rin la rà. A fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ojú kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan sí pálọ̀, ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ Màmá, ọ̀kan sí bọ́ìsì kọ́tà. Ojú kẹrin, a fi rọ́bà dé e kí omi má wọ̀ ọ́. RG6 ni kí ẹ béèrè lọ́jà, 75 ohm; ẹ má gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kankan. Kí ẹ sì fi ojú ara yín wo orí wáyà kí wọ́n tó dè é. Nígbà tí mo tú èyí tí ọkùnrin yẹn dè, irun kan péré lára àwọ̀n wáyà ìta ló yọ, ó tẹ bàbà àárín. Irun kan yẹn tó láti pa iná tó ń lọ sókè. Abẹ ni mo fi gé e kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àwọn òkè tó yí wa ká lẹ́bi pé àwọn ló ń dí àwòrán, òkè kọ́. Láti Kábbà, sátẹ́láìtì 36°E tí DStv ń lò fún Nàìjíríà wà lápá ìlà-oòrùn, ó yà díẹ̀ sí gúúsù, ó sì ga tó nǹkan bíi dígírì 54 lójú ọ̀run. Òkè kì í sábà ga dé ibẹ̀. Igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé ni kí ẹ wò.

Ará Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kábbà, ẹ kú àlàyé. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ owó ló gbé e dé. Àtimáa san owó dìkódà méjì lóṣooṣù kò rọrùn, la bá ṣe XtraView ti DStv, tó ń kó méjèèjì sábẹ́ ìsanwó kan, téèyàn á kàn fi owó díẹ̀ lé e. Explora, dìkódà DStv tó ń gba ètò sílẹ̀, tó wà ní pálọ̀ ni àgbà. Dìkódà HD àtijọ́ wà ní yàrá Bàbá àgbà, òun ni èkejì. Explora ń lo unicable: wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé ìkànnì mélòó kan wá fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè máa gba ọ̀kan sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo òmíràn. HD àtijọ́ kò mọ irú ìyẹn, nítorí náà ojú tirẹ̀ yàtọ̀ lára Smart LNB, irú LNB tó ní ojú unicable àti ojú lásán. Ẹni tó bá ń so ó gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sídìí ojú kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé àgbà ló ń fi àmì ránṣẹ́ sí èkejì, láti inú wáyà tó so wọ́n pọ̀. Bí iná bá kúrò lára àgbà, èkejì náà á dákẹ́. Bàbá àgbà ńkọ́? Bí ààrá bá ti sán lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì pálọ̀, tẹlifíṣàn, fíríìjì, Explora, láìku ẹyọ kan. Wọ́n á padà sí yàrá wọn, wọ́n á tan tiwọn, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Pé wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì kò burú o, ààrá kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. A kàn bẹ̀ wọ́n pé bí òjò bá ti dá, ti Explora ni kí wọ́n kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́ padà.

Ará Ẹ̀gbẹ̀

Dìkódà kan ṣoṣo lèmi ní, ó sì ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ihò RF OUT lẹ́yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ tuntun kò ní mọ́. Mo fa wáyà láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo wá a lórí UHF tẹlifíṣàn wọn, àwòrán jáde. Ohun tí pálọ̀ bá ń wò ni ṣọ́ọ̀bù máa wò, ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà yẹn, Ìyá á máa ké láti ṣọ́ọ̀bù pé ká bá wọn yí i. Ojú rímóòtù kékeré kan wà tí à ń so sídìí tẹlifíṣàn kejì, tó ń dá àṣẹ rímóòtù padà gba inú wáyà kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dìkódà yín lè lò ó kí ẹ tó náwó. Èyí tí mo rà ṣiṣẹ́. Ní báyìí, Ìyá ló ń yí ìkànnì níbi tí wọ́n ti ń wọn gàrí, àwa tí a wà ní pálọ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.