Ìmọ̀ràn ni mo ń wá: báwo la ṣe lè ṣètò ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé?

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Ìbàdàn. A ti ju igba ènìyàn lọ lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ sì ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá kígbe olè ní aago méjì òru, kí ilẹ̀ tó mọ́, "ẹ kú àárọ̀", àdúrà, fídíò àti ìpolówó gààrì á ti bò ó. Mo fẹ́ kí kálukú máa fi àmì ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀: #ààbò, #iná, #owó, #omi, #ọjà... méjìlá ni mo kọ sílẹ̀. Alága ní òun ò gbà, kí n kúkú pín gúrúùpù sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo ni ká ṣe?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Alága ló tọ̀nà, sà. Láti 2022 ni WhatsApp ti gbé Community jáde. Ẹ ó kó gúrúùpù kéékèèké sábẹ́ ẹ: ti ààbò lọ́tọ̀, ti iná lọ́tọ̀, ti ọjà lọ́tọ̀. Gúrúùpù ìkéde á wà lókè, admin nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gààrì, kó má wọ ti ọjà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má bínú o, a ti dán an wò ládùúgbò tiwa. Nígbà tó yá, gbogbo wọn pa lọ́lọ́. Ọ̀kan ṣoṣo la tún ń rọ́ ọ̀rọ̀ sí. Ẹni tí olè ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ro gúrúùpù tó yẹ kó kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé, méjìlá kẹ̀? Ta ni yóò há a sórí? Àwọn àgbà tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ ńkọ́?

Baba Ímeèlì:
Ìjà yìí ti wà kí WhatsApp tó dé. Lórí ímeèlì ẹgbẹ́, a máa ń kọ [OWO] síwájú àkòrí kí Gmail lè bá wa yà á sọ́tọ̀. Àṣé Gmail kì í ka àkámọ́ yẹn sí tó bá ń wá nǹkan! Gbogbo lẹ́tà tí "owo" bá ti wà ní àkòrí rẹ̀ ló ń kó jọ. Ẹ yan ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé kọ. Kó má sì gba àmì ohùn, torí ta ló ń fi àmì ohùn sọ́rọ̀ lórí fóònù?

Àbúrò Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kó lọ sí Telegram. Topics wà níbẹ̀: gúrúùpù kan, yàrá púpọ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ta ni yóò kọ́ bàbá mi ní Telegram, àbúrò? Ṣé ìwọ láti Lọ́ńdọ̀nù?

Onílé Tuntun:
Akọ̀wé, àwọn àmì yín ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé. Èmi, ohun tó yẹ kí n ṣe ni mo fẹ́ mọ̀. "#iná": ṣé kí n sáré lọ pa tẹlifíṣọ̀n ni, àbí ẹ kàn ń bú NEPA? Mẹ́ta péré ti tó: KIAKIA, SAN, WA. KIAKIA wà fún olè, ilé tó ń jó, ọmọ tó sọnù. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. SAN (ẹ san owó) àti WA (ẹ wá sípàdé), akọ̀wé àti akápò nìkan ló lè lò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní àmì, ẹni tó bá ráyè á kà á. Bí àgbà bá fi ohùn ké gbàjarè, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ fèsì sórí ohùn náà gan-an, kó kọ KIAKIA. Nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ so mọ́ òkè gúrúùpù ("pin" ni WhatsApp ń pè é), ó lè wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Baba Ímeèlì:
O káre. Ṣùgbọ́n "wa" wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bó o bá wá a, gbogbo gúrúùpù ló máa jáde. Ẹ lo IPADE, kí SAN náà di SANWO.

Akọ̀wé Àdúgbò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. KIAKIA, SANWO àti IPADE ni mo máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Màá fi gúrúùpù ìkéde kan ṣoṣo tu Alága nínú. Ó ku ọ̀rọ̀ gààrì. Ìyàwó Alága ló ń tà á.