Ṣé oje bòtujẹ̀ lóró bíi kóró rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa egbòogi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ìyá ọkọ mi ń fi oje bòtujẹ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní lápálápá, pa ahọ́n ọmọ mi oṣù 7, torí nǹkan funfun tó bò ó. Ọjọ́ kẹta rèé. Kóró igi yìí lóró: ọmọ kan jẹ 3 lójú mi, ó bì, ó sì yàgbẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá ní oje kì í ṣe kóró, òun náà ni wọ́n fi wo ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì kàn ní ká dá a dúró, kò sọ ìdí (ta ni màmá á wá gbọ́ tiẹ̀?). Ṣé oró inú kóró wà nínú oje náà? Tí ọmọ bá ti gbé e mì, àmì wo ni kí n máa ṣọ́?