Mo fẹ́ máa bá àwọn ọmọ iléèwé gun òkè ní Tànsáníà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Oṣù kẹfà ni mò ń lọ Lushoto, lórí òkè Usambara ní Tànsáníà, mo fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n wá ní lọ́jọ́ Sátidé àwọn tíṣà máa ń kó àwọn ọmọ gba orí òkè lọ sí Irente, níbi téèyàn ti lè dúró wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ àwọn Maasai nísàlẹ̀ réré, èmi náà á sì máa bá wọn lọ. Ìjẹ̀bú tó tẹ́jú yìí ni mo dàgbà sí, òkúta Olúmọ nìkan ni mo gùn rí. Ẹ̀rù ò bà mí torí ara mi, torí ọmọ ọlọ́mọ ni. Kí ni kí n mú dání, kí ni kí n kọ́ kí n tó lọ?

Tíṣà Rẹ́mọ:
Àbúrò, o kú ìmúra. Mo ṣe ọdún méjì ní Rùwáńdà lábẹ́ TAC (Technical Aid Corps), ètò tí ìjọba wa dá sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán àwọn oníṣẹ́ wa lọ ran orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́ yẹn, òkè ni gbogbo ibẹ̀. Mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ló ni òkè, orí ẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ iléèwé láràárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ń yọ̀, mo dúró sójú kan mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, ni ọmọbìnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ bá padà wá, ó bọ́ sílípáásì ẹ̀ sọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó tó gbé èkejì, ó ń wojú mi bóyá mo rí i. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ títí dòní nìyẹn. Torí náà má ṣíwájú. Ẹni tó mọ̀nà ni kó ṣíwájú, ìwọ wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ṣùgbọ́n lórí òkè, kà wọ́n, kẹ́ ẹ tó gbéra, níbi tẹ́ ẹ bá ti sinmi, àti tẹ́ ẹ bá délé.

Ìyá Ìbejì Òkè-Èrì:
Ta ló ní gbogbo Ìjẹ̀bú ló tẹ́jú? Erédò Sùngbọ́ ńkọ́? Yàrà tó lọ yíká ilẹ̀ wa bíi 160 kìlómítà, ibòmíì wà tó jìn tó 20 mítà láti orí ògiri dé ìsàlẹ̀. Wá síbẹ̀ láàárọ̀, kó o wọ kánfáàsì tó o máa wọ̀ lọ gan-an, gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà ńlẹ̀, má gun ara ògiri o, ó ń wó. Mú swẹ́tà, Lushoto ga tó bíi 1,400 mítà, oṣù kẹfà sí ìkeje sì ni òtútù wọn. Mú gàrí wa náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo gbé Dar es Salaam rí. "Pole pole" ni wọ́n máa sọ fún ẹ ní èdè Swahili, ìyẹn ni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ọmọ bá fẹsẹ̀ kọ, sọ fún un pé "pole", bí àwa náà ṣe ń sọ pẹ̀lẹ́ gẹ́lẹ́. Ó dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì, Sátidé yìí ni mò ń bọ̀ ní Òkè-Èrì, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ṣé ẹ máa wà nílé?

Ìyá Ìbejì Òkè-Èrì:
Mo wà. Àwọn ìbejì á mú ẹ débẹ̀.