Níbo lẹ ti rí i pé ohùn àti àwòrán ò bára wọn lọ nínú fíìmù Beatles?

FíìmùÀtijọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Get Back tí Peter Jackson gbé jáde ní 2021, fíìmù nípa bí ẹgbẹ́ olórin Beatles (John, Paul, George àti Ringo) ṣe ń ṣiṣẹ́ orin ní oṣù kìíní 1969, gbogbo nǹkan bíi wákàtí 8 rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí i pé ohun tí etí ń gbọ́ kọ́ ni ojú ń rí? Ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tó wà, ká lè padà lọ wò ó.

BàbáNagra
Ibikíbi tí ẹ ò bá ti rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ fura. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe iṣẹ́ yẹn ní oṣù kìíní 1969. Kámẹ́rà 16mm ń ya àwòrán láìgba ohùn, Nagra ń gba ohùn sórí tẹ́ẹ̀pù. Fíìmù tó máa ń wà nínú àpótí kámẹ́rà kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 400. Fọ́tò 40 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn 16,000 lápapọ̀. Tí kámẹ́rà bá ń ya 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ tó fi máa tán, ẹni tó ń yà á á dúró, á ki òmíràn. Àwọn olórin ò sì dúró dè é, ọ̀rọ̀ ń lọ. Fíìmù wọ́n, tẹ́ẹ̀pù ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi gbé Nagra méjì sí Twickenham, sítúdíò fíìmù ní London: bí ọ̀kan bá fẹ́ tán, èkejì á ti máa yí. Ohùn lé ní wákàtí 150, àwòrán ò pé 60. Ẹ yọ ọ́ wò.

OlókùnMẹ́rin
Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yẹn kù díẹ̀ káàtó. Kámẹ́rà méjì máa ń ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí 60 yẹn kì í ṣe wákàtí 60 nínú ayé wọn, ó kéré sí i. Ohun tí kò ní àwòrán tirẹ̀ ju 90 lọ dáadáa.

BàbáNagra
Òótọ́ ni. Ẹ ṣeun.

Tólú_Ìlù
Ẹ̀yìn orí George. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti rí ẹ̀yìn orí George tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n rán an mọ́ ọn ni.

ÀǹtíPeckham
Èyí tí kò tiẹ̀ ní àwòrán rárá ló ká mi lára jù. Ọjọ́ 13. George ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ 10. John àti Paul jókòó síbi tí wọ́n ti ń jẹun, Michael Lindsay-Hogg tó ń darí fíìmù sì ti fi máìkì pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó. Ariwo àwo àti ṣíbí bo gbogbo rẹ̀. Jackson ò wá ẹ̀yìn orí ẹnikẹ́ni fi dí i, ọ̀rọ̀ wọn ló kọ sójú. Ibẹ̀ ni John ti sọ pé ọ̀rọ̀ George dà bí egbò tí àwọn jẹ́ kó kẹ̀.

Kọ́lá_Ọ̀yọ́
Èmi ò fara mọ́ ọn. Máìkì nínú ìkòkò òdòdó níbi tí èèyàn ti ń jẹun? Wọn ò gbà á láyè. Ẹni tó bá fetí kọ́ ògiri ilé onílé, tó wá lọ tà á lọ́jà, kí la ń pè é nílẹ̀ wa?

OlókùnMẹ́rin
Bọ̀dá Kọ́lá, wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn àwọn láti ọjọ́ kejì oṣù.

Kọ́lá_Ọ̀yọ́
Wọ́n mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn. Wọn ò mọ̀ ọ́n nídìí oúnjẹ. Nínú gbọ̀ngàn gan-an, ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ta gìtá kíkankíkan tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ń fi gìtá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí máìkì tó wà lókè orí wọn. Ẹ̀rọ Jackson wá lọ ká gìtá yẹn kúrò lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ó ní ká gbọ́ ohun tí àwọn olóhùn fi pamọ́. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín, ìyẹn ò dáa.

ÀǹtíPeckham
Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ Paul àti Ringo wà láyé, àwọn aya John àti George náà wà, wọ́n sì fọwọ́ sí fíìmù náà.

Kọ́lá_Ọ̀yọ́
Olórí ẹbí ń fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ olóògbé, mo gbọ́.

Ṣèyí_Ohùn
Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ẹ̀rọ yẹn kó yéni. MAL lorúkọ rẹ̀, wọ́n fi rántí Mal Evans tó máa ń gbé ẹrù wọn. Emile de la Rey ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Mono ni Nagra: gìtá, ìlù, gìtá béèsì, ohùn èèyàn mẹ́rin, gbogbo wọn sínú ojú kan, bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí sínú àpò kan. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí o rẹ ohùn gíga tàbí ohùn kékeré sílẹ̀, ìyẹn sì máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ gìtá, torí ìró kan náà ni wọ́n jọ ń lò. MAL kì í gé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi àìmọye àpẹẹrẹ gìtá nìkan, ìlù nìkan, ohùn nìkan kọ́ ọ, ó wá lè dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tó ti máa ń kọsẹ̀ ni ibi tí ohùn méjì bá jọ ń kọ ìró kan náà. Nígbà náà ohùn máa ń ṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi. Ẹ fi ẹ̀rọ tí à ń fi bo etí (headphone) gbọ́ ọ, ìparí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ṣọ́, lẹ́tà s àti f.

Tólú_Ìlù
Òun náà ni wọ́n fi yọ ohùn John kúrò lára dùùrù fún Now and Then ní 2023. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré, ohùn àti dùùrù lórí ara wọn. Ní 1995 wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀.

Arẹwà_Ìmọ́lẹ̀
Ẹ ń gbóríyìn fún ohùn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ojú wọn. Fíìmù 16mm ní hóró, bí iyanrìn tó ń mì lórí àwòrán. Wọ́n nu hóró yẹn títí awọ ojú Paul fi ń dán bí abẹ́là. Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀ ní Twickenham, irun kan ń wọnú èkejì.

FíìmùÀtijọ́
Arẹwà, ẹ gbàgbé bí Let It Be, fíìmù ti 1970 tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán yìí ṣe, ṣe rí? 16mm ni wọ́n fẹ̀ di 35mm fún ilé sinimá. Bí o bá fẹ àwòrán, o fẹ hóró náà mọ́ ọn. Ó ṣókùnkùn, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ń ṣàìsàn.

Arẹwà_Ìmọ́lẹ̀
Mi ò ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró lágbedeméjì.

ỌmọÀpápá
Ìbéèrè kékeré. Ṣé àwọn tẹ́ẹ̀pù Nagra yìí kọ́ ni olè gbà lọ́wọ́ Paul ní Èkó?

BàbáNagra
Rárá o, àbúrò. Ìtàn méjì ni. Ti Èkó jẹ́ 1973, nígbà tí Paul, Linda àti Denny Laine wá gba ohùn Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Kásẹ́ẹ̀tì orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni wọ́n fi ọ̀bẹ gbà. Ti Nagra, wọ́n ti jí wọn tipẹ́, ọdún 2003 ni ọlọ́pàá tó rí nǹkan bíi 500 gbà padà ní Netherlands.

ỌmọÀpápá
Àti Fela nkọ́?

OlókùnMẹ́rin
Fela rò pé orin wa ló wá jí. Paul gbé tẹ́ẹ̀pù lé e kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò sì bá nǹkan wa kankan níbẹ̀.

Tólú_Ìlù
Ẹ má tún sọ pé Ob-La-Di inú orin Beatles jẹ́ Yorùbá ooo. Ọ̀rọ̀ ẹnu Jimmy Scott ni, onílù, ọmọ Urhobo. Kò sí Yorùbá kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣèyí_Ohùn
Ẹ ṣé, Tólú. Àríyànjiyàn yẹn ti sú mi.

FíìmùÀtijọ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀rọ̀. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé àwòrán bá ohùn mu lóòótọ́?

BàbáNagra
Ẹ ṣọ́ ètè. Lẹ́tà b, p àti m, ètè gbọ́dọ̀ pàdé. Bí ẹ bá gbọ́ b tí ẹnu ṣì là, wọ́n rán an ni. Lẹ́yìn náà ẹ wo ọ̀pá ìlù Ringo nígbà tó bá kan àwo irin ìlù (cymbal). Bí ohùn bá fi fọ́tò méjì ṣáájú, ojú á mọ̀ ọ́n. Ẹ tún ṣọ́ eré: ohun tí wọ́n yà ní 24 tí wọ́n bá fi 25 yí, ó fi ìdá 4 nínú 100 yára, gìtá á sì ga díẹ̀, kò ní tó ìdajì ohùn.

ÀǹtíPeckham
Ibi tí mo fi ń dán an wò ni ọjọ́ 7. John ò tíì dé. Paul gbé gìtá béèsì rẹ̀, ó ń ta á bí ẹni ń ta gìtá lásán, ó ń hùn láìní ọ̀rọ̀. George yán. Ringo ń wo ọwọ́ Paul. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà orin Get Back ti ń yọrí. Ẹ wo ìka Paul àti ohun tí ẹ ń gbọ́: wọ́n jọ ń lọ.

OlókùnMẹ́rin
Orí òrùlé 3 Savile Row ní London, níbi tí wọ́n ti ṣeré lọ́jọ́ 30, ló rọrùn jù. Kámẹ́rà 10: 5 lókè, 1 lórí ilé tó dojú kọ ọ́, 3 lójú pópó, 1 lẹ́yìn dígí nínú ilé tí ọlọ́pàá wọlé sí. Ohùn wá láti inú wáyà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìyàrá abẹ́ ilé, sórí ẹ̀rọ 8-track, tó ń gba ohùn sí ojú mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ lu máìkì, wọ́n wá rán Alan Parsons lọ ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn obìnrin láti fi bò ó.

Tólú_Ìlù
Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ló gba orin là.

OlókùnMẹ́rin
Ẹ wo Get Back tó kẹ́yìn. Mal Evans pa ampilifáyà John àti ti George nítorí ọlọ́pàá. Gìtá méjèèjì kú, béèsì àti ìlù ń lọ. George bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tan tirẹ̀ padà, gìtá rẹ̀ sì wọlé.