Ẹ gbà mí o, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ilé mi á gbé fídíò HD, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la ni ìkómọ ọmọ àbúrò mi n'Íbàdàn, YouTube ni wọ́n máa fi hàn wá. Mo dán tẹlifíṣọ̀n wò, àmì róbótó yẹn kàn ń yí biribiri. Mo wọn bó ṣe yá tó lórí ìkànnì fast.com, ó ní 9 Mbps (ìwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) ni mo ní. Ṣé ó tó? Àwọn àna mi ń bọ̀ wá wò ó nílé mi o!

Bàbá Houston: Ó tó. Netflix ní 5 Mbps ti tó fún HD, 4K tó mọ́ ju HD lọ ló ń fẹ́ 15. Àmọ́ àwọn ìbejì ńkọ́? Bí Táyé bá ń gbá géèmù, tí Kẹ́hìndé ń wo tiẹ̀, kí ló kù fún àna?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Peckham): Ẹ má tíì pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kankan o! Èmi pè wọ́n, wọ́n ta 500 Mbps fún mi, àdéhùn oṣù 24. Kò yàtọ̀. Àṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkírówéèfù ni ráútà, àpótí tó ń pín Wi-Fi, wà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Manchester): Inú kọ́bọ́ọ̀dù kẹ̀? Ẹ fẹ́ kó sùn ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyàwó mi ló ní kò bá pálọ̀ mu.

Bàbá Houston: Àbúrò, fi ìyàwó sílẹ̀. Ta ló fọwọ́ sí 500?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ̀ pé máíkírówéèfù ń da 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò láàmú?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ọjọ́ 14 wà tí ẹ lè fi yí ọkàn padà lórí ohun tí ẹ rà lórí fóònù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló wá jẹ́ kówó lọ báyìí!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìyá Ìbejì, ẹ fi wáyà so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ráútà tààrà, kí ẹ tún un dán wò. Bí iye yẹn bá fò sókè, Wi-Fi ló ń ṣe yín. Bó bá ṣì jẹ́ 9, ìlà tó wọlé yín ni.

Ọmọ Ìbàdàn (Toronto): Gbogbo yín ń wo Leeds. Fóònù ta ni wọ́n máa fi ya ìkómọ ọ̀hún? Bí dátà tiwọn ò bá lágbára láti gbé e sókè, ẹ ní 1000 Mbps nílé, yóò ṣì máa dúró.

Ìyá Ìbejì: Háà! Àbúrò mi mà ní lábẹ́ kánópì ni wọ́n máa jókòó sí.

Bàbá Houston: Ẹ wá sí Houston, gígábíìtì (1000 Mbps) ni tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Nígbà tí ìjì Beryl mú iná lọ ní Houston ní 2024, ta ló ń wá jẹnẹrétọ̀ kiri?

Ọmọ Ìbàdàn: Ká ní mo wà nílé, ta ló ń ka Mbps? Oyin á ti kan ẹnu mi, àmàlà á tẹ̀ lé e, gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú, ẹran ṣàkì…

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ wá jẹ ẹ́ ní Peckham.

Bàbá Houston: Ti Peckham wo? Houston ni àmàlà wà!

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Kí iná tó lọ ni, àbí lẹ́yìn tó bá lọ?