Ìwé Alfa àgbà ní Ẹ̀pẹ́: ṣé ká tò ó bí wọ́n ṣe ń to ìwé àwọn rábì?

ỌmọẸ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Páálí mẹ́sàn-án ni ìwé tí Alfa àgbà kan fi sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́: lẹ́tà, wáàsù, tírà tí wọ́n kọ àlàyé sí etí rẹ̀, ìwé gbèsè, fọ́tò. Lárúbáwá, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀ nínú rẹ̀. Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gba ìwé Abraham Joshua Heschel, rábì (aṣáájú ẹ̀sìn àwọn Júù), ní 2012, èdè tirẹ̀ náà ò sì jẹ́ ọ̀kan. Ṣé ká ya ìwé ilé kúrò lára ìwé ìmọ̀? Kí la máa ṣe sí èyí tó ti ń bu? Àwọn kan sì ní ká sun ewé tó ti já tí orúkọ Ọlọ́run wà lára rẹ̀, kó má baà di àtẹ̀mọ́lẹ̀. Ṣé ká sun ún?

Olùtọ́jú-ìwé, Ìkòròdú:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kó nǹkan kan kúrò láyè rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára páálí, 1 dé 9. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lókè kẹ́ ẹ tó gbé e, bẹ́ẹ̀ náà títí ẹ ó fi kan ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá wà nínú tírà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: páálí 4, tírà kẹta, ojú ewé 52. Ó lè jẹ́ pé ojú ewé yẹn gan-an ni Alfa ti ń wá èsì lẹ́tà náà. Ẹni tó bá fà á yọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti já okùn ọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lè so ó.

Inú àkọsílẹ̀ lẹ ti máa pín in sí ọ̀wọ́: lẹ́tà, wáàsù, ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, ìwé ẹbí, fọ́tò. Ẹ má fi èdè pín in. Wọ́n lé Heschel kúrò ní Jámánì lọ sí Pólándì ní 1938, ó dé Amẹ́ríkà ní 1940. Yiddish (èdè àwọn Júù Yúróòpù), Hébérù, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ̀wé láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi èdè pín irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́tà á wà lọ́tọ̀, èsì rẹ̀ á wà lọ́tọ̀.

Fáìlì kan ò gbọdọ̀ nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Píìnì onírin tí wọ́n fi so ìwé pọ̀, tó ti dógùn-ún, ẹ má fà á láti iwájú, ìwé á ya. Ẹ̀yìn lẹ ti máa fi ọ̀bẹ tí kò mú ṣí ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ike pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ ohunkóhun. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú ìwé, á pọ́n. Lámínéètì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ṣeé tú mọ́.

Ará Àgbádárìgì:
Èyí tó ń bu, ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo imú. Ìwé tó bá tutù ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48 kó tó gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí iyàrá tí fáànù ń ṣiṣẹ́, kí fáànù má kọjú sí i. Ẹ má sá a sóòrùn: tàdáà á ṣá, ìwé á gan. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún rárá, pàápàá Lárúbáwá tí wọ́n fọwọ́ kọ, torí omi lè ṣí tàdáà rẹ̀ kúrò. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ gbé e síta, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá a.

Ti kòkòrò ajẹ̀wé: náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ dì í pa, ẹ gbé e sínú fìrísà tó tutù dé −20°C fún ọjọ́ méje. Tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, asán ni. Ẹ lo fìrísà tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù fún odidi ọjọ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sára ìwé. Káńfọ̀ ò tó láti lé ikán. Ẹ gbé pẹpẹ ìwé kúrò lára ògiri níwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ògiri ni ikán máa ń gbà gòkè.

Múàlímù:
Ẹ má sun ún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Òfin àwọn Júù ò gbà kí wọ́n ba ìwé tó ní orúkọ Ọlọ́run jẹ́. Wọ́n ń kó o sí yàrá kan tí wọ́n ń pè ní geniza, lẹ́yìn náà wọ́n á sin ín. Ní sínágọ́gù (ilé ìjọsìn àwọn Júù) Ben Ezra ní Káírò, wọn ò sin èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter kó o lọ sí Yunifásítì Cambridge ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, ó sì lé ní 190,000 ewé tó wà níbẹ̀ báyìí. Àárín ewé jíjá wọ̀nyẹn ni wọ́n ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé Moses Maimonides, rábì ńlá tó kú ní 1204, àti lẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ David kọ sí i láti Aydhab, létí Òkun Pupa, bó ṣe gba aṣálẹ̀ kọjá. David kú sínú òkun lẹ́yìn ìyẹn. Maimonides fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun dùbúlẹ̀ àìsàn fún nǹkan bí ọdún kan. Ìwé ilé ni lẹ́tà yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ́ nípa Maimonides tó lè fò ó.

Ẹ kó ewé jíjá yín sí páálí mímọ́ kan, ní ibi gíga. Ẹ wo ihò kòkòrò ara wọn: ihò tó bá ṣe déédéé lórí ewé méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sùn ti ara wọn rí.

ỌmọẸ̀pẹ́:
Ọlọ́run á san yín lóore. Lẹ́tà àwọn tó wá sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọkọ fún Alfa ńkọ́?

Olùtọ́jú-ìwé, Ìkòròdú:
Ẹ dì í sínú àpò ìwé, ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sára rẹ̀, kó jìnnà. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ síta: ẹni tó kọ lẹ́tà ló ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Alfa ló ni bébà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tí Nàìjíríà ṣe ní 2022, 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ náà tó parí. Ti wáàsù Alfa fúnra wọn, gbogbo ọmọ ló máa buwọ́ lùwé kí yunifásítì kankan tó gbà á, títí kan àwọn tó wà lókè òkun.